Omi Iyọ̀ Nínú Sàréè Ìrẹmọ

Ibi ẹsẹ̀ ni olè náà gbẹ́, kò gbẹ́ ibi orí. Ìdí nìyẹn tí gbogbo agboolé Fákúnlé fi ń dúpẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, tí wọ́n sì ń fi olè ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣẹ́ àṣedànù ló ṣe.

Inú yàrá ẹ̀yìn kan ní Ìrẹmọ ni sàréè náà wà. Ó gùn tó ènìyàn dáadáa, wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí òkú nínú rẹ̀ rí. Ọlátúnbọ̀sún Fákúnlé, ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ gbẹ́ ẹ, bá ọkọ̀ akẹ́rù rì sínú òkun lọ́dún 1942, nígbà ogun Hítílà, nígbà tí ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Jámánì ń dọdẹ ohunkóhun tó bá ń gba ojú òkun kọjá. Irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n sin, nínú agolo sìgá kan, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ẹni tó kú sí ìdálẹ̀ tí òkú rẹ̀ kò ṣeé gbé wálé. Ní ọjọ́ Àìkú, nígbà tí gbogbo ilé wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnìkan wọlé, ó fọ́ sìmẹ́ńtì, ó gbẹ́ ihò tí kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

"Ibi orí ni agolo wà," ni Bàbá Adébíyìí, àbúrò olóògbé àti olórí agboolé náà, ń tún sọ fún gbogbo ẹni tó bá yọjú. "Olè yẹn ò mọ orí yàtọ̀ sí ẹsẹ̀. Ọlọ́run ló kó wa yọ."

Inspẹ́kítọ̀ Ràbíátù Lágúnjú kò bá wọn dúpẹ́. Ọmọ Ẹdẹ ni, ó ti lé lógójì ọdún, ó máa ń fi ìborùn funfun wérí, ojú rẹ̀ sì máa ń rí bí ojú ẹni tí oorun kò tíì dá tán. Àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣẹ̀fẹ̀ pé bí Ràbí bá ń tòògbé, ẹ má jí i, iṣẹ́ ló ń ṣe. Àwọn tó ti purọ́ níwájú ojú oorun yẹn kò fi ṣẹ̀fẹ̀ mọ́.

Ó kúnlẹ̀, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ti ọwọ́ bọ inú ihò náà, ó sì di ojú. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó fa ọwọ́ jáde, ìpẹtà irin ti kun ìka rẹ̀ pupa.

"Bàbá, ẹ wá fọwọ́ yín kàn án," ó ní. "Ìdí agolo ti jókòó síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, òrùka rẹ̀ ṣì wà lára ilẹ̀. Ibi ẹsẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, olè yín sì ti gbé e lọ."

Màmá Mojíre, opó Ọlátúnbọ̀sún, ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin, ló kọ́kọ́ rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú. Ó ní láràárọ̀ ni òun ń wá kí ọkọ òun níbi orí yẹn, kí òun tó fọ ẹnu, láti ọdún mẹ́rìnlélógójì sẹ́yìn. Ó ní àṣé ilẹ̀ lásán ni òun ń kí. Ó di ọwọ́ Ràbíátù mú, ọwọ́ rẹ̀ gbóná. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá a fínra láti ọdún tó kọjá, ó sì ti sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé inú sàréè yìí ni kí wọ́n sin òun sí, kí wọ́n gbé agolo náà lé òun láyà.

"Ọmọ mi, bá mi wá a," ó ní. "Bí wọn ò bá sin mí pẹ̀lú rẹ̀, tí mo bá dé ọ̀run, ọ̀dọ̀ ta ni kí n ní mo ń lọ?"

Ràbíátù ṣèlérí pé òun á rí i. Bó ṣe sọ ọ́ tán ló mọ̀ pé ọlọ́pàá tó bá ṣèlérí fún opó ti di ẹrù lé ara rẹ̀ lórí.

Kó tó dìde, ó tún fọwọ́ kan erùpẹ̀ ihò náà. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1987 ni, ọyẹ́ ti la gbogbo ètè ní Ilé-Ifẹ̀, ìkúukùu eruku sì bo ìlú débi pé èèyàn tó bá dúró ní Ẹnuwá kì í rí ẹnu ọ̀nà ààfin dáadáa. Òjò kò ṣú rárá láti oṣù kọkànlá. Síbẹ̀, erùpẹ̀ náà tutù. Ó di ẹ̀kúnwọ́ kan mọ́ inú áńkáṣíìfù rẹ̀, kò sì ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni.

*

Àwọn ará àdúgbò ti mọ ẹni tó ṣe é kí ọlọ́pàá tó dé. Wọ́n ní àwọn afiniṣowó ni. Ràbíátù fetí sí wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì bi wọ́n pé afiniṣowó wo ló ń tẹ́ ẹní sílẹ̀ kó tó gbẹ́lẹ̀, tó ń to àfọ́kù sìmẹ́ńtì jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó tún fi ìgbálẹ̀ gbá yàrá kó tó lọ. Síbẹ̀, wọn kò yí ọkàn padà.

Sájẹ́ńtì Ọ̀ṣuntọ́lá, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ní tirẹ̀, Bàbá Adébíyìí ló fura sí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni bàbá náà àti Màmá Mojíre bá ara wọn jà lójú gbogbo ilé, nítorí bàbá fẹ́ fi yàrá ẹ̀yìn gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sílé, ó sì béèrè lóhùn rara pé akẹ́kọ̀ọ́ wo ló fẹ́ máa kàwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè. Màmá kò bá a sọ̀rọ̀ láti ìgbà yẹn. Ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀ sí i, nítorí pé Adébíyìí kì í ṣe àbúrò ọkọ rẹ̀ lásán. Òun ló ṣú u lópó lọ́dún 1943, ọmọ mẹ́ta ló sì bí fún un, Dúrósinmí ni àkọ́bí wọn.

Ràbíátù mú bàbá náà padà sínú yàrá, ó ní kó fi ẹsẹ̀ tẹ ibi tó dá a lójú pé agolo wà. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ibi orí ló tẹ̀. Inspẹ́kítọ̀ ní kí Ọ̀ṣuntọ́lá fi ọ̀pá irin gún ilẹ̀ níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sìmẹ́ńtì. Irin náà kò wọlé ju ìka mẹ́rin lọ tó fi dún gbọ̀ngàn. Wọ́n gún un lápá ọ̀tún, wọ́n gún un lápá òsì, ohùn kan náà ló ń dún.

"Àpáta," ni Ọ̀ṣuntọ́lá wí.

"Àpáta ni," Ràbíátù dá a lóhùn. "Àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ yìí lọ́jọ́sí bá a pàdé. Wọ́n rẹ́ ojú rẹ̀ gùn kó lè yẹ àgbà ọkùnrin, ṣùgbọ́n ibi ẹsẹ̀ nìkan ló jìn tó láti sin nǹkan sí. Ẹni tó wá lánàá kò wá a káàkiri. Ibi tó wà gan-an ló lọ. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín."

Bàbá Adébíyìí ní òun kò sí níbẹ̀ ní tòun. Kàdúná ni òun wà, lẹ́nu iṣẹ́ réluwé, ọdún Àjíǹde ni òun tó wálé bá sàréè nílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde, Sájẹ́ńtì ṣì ń wí pé ó lè jẹ́ pé bàbá ń díbọ́n ni. Ràbíátù mi orí. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ gba yàrá kì í pariwo pé onílé ṣì wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ Adébíyìí ló gbé agolo, òun ni ì bá kọ́kọ́ kígbe pé agolo ti lọ, sàréè ti di òfo, ẹ jẹ́ ká tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ ni bàbá ti ń wí fún gbogbo ayé pé ẹ̀gbọ́n òun ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀ṣuntọ́lá ronú sí i, ó sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ rẹ̀ padà sápò pẹ̀lú ìrònú ẹni tí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

*

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Ràbíátù da erùpẹ̀ náà sínú àwo kékeré kan, ó gbé e sójú fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀. Ó kírun Àsárì tán, ó fẹ̀yìn ti ìjókòó, ọyẹ́ sì fi ọwọ́ tútù rẹ̀ pa á lójú dé.

Ó lá àlá pé omi ń kún ní Ẹnuwá. Kò sí ẹni tó ń sá. Omi náà mọ́, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó dé orúnkún àwọn tó ń tajà, ó dé àyà wọn, wọ́n sì ń kí ara wọn nínú rẹ̀, wọ́n ń bèèrè ọmọ, wọ́n ń bèèrè aya. Ọkùnrin kan tó bọ́ra sílẹ̀ dé ìdí dúró láàárín wọn, èédú kun apá rẹ̀, ó ń wo ọ̀kánkán Ìrẹmọ bí ẹni tó mọ ilé ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò pè é wọlé. Ràbíátù fẹ́ pè é. Ó ya ẹnu, omi sì wọ ọ́ lẹ́nu.

Ó jí. Oòrùn ti rọ̀, yàrá ti pọ́n. Erùpẹ̀ ojú fèrèsé ti gbẹ, nǹkan funfun kan sì ti yọ sójú rẹ̀, tín-ín-rín, bí ẹfun tí ọmọdé fọ́n dànù. Ó fi ìka tọ́ ọ, ó fi kan ahọ́n.

Iyọ̀ ni. Ṣùgbọ́n iyọ̀ ọbẹ̀ kọ́, ìkorò kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Ràbíátù dé etí òkun rí, ó wà ní ọmọge nígbà náà, ìgbì kan gbá a lójú ní Èkó, ó sì mu nínú omi rẹ̀. Ahọ́n kì í gbàgbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ fi iyọ̀ ṣe nǹkan yóò rà á ní ọjà, kò ní í pọn omi òkun láti Èkó wá sí Ifẹ̀. Nítorí náà, omi yẹn gan-an ni onítọ̀hún fẹ́. Ó yọ agolo, ó sì da omi òkun sí ipò rẹ̀. Kì í ṣe pé ó jalè kó tó tún da omi sílẹ̀. Ó pààrọ̀ ni. Ó ka ohun tó gbé lọ sí ohun tí kò yẹ kó wà níbẹ̀, ó sì ka omi náà sí ohun tó yẹ.

Ẹni náà wà níbi ìsìnkú lọ́dún 1942. Ó mọ̀ pé ilé onígbàgbọ́ máa ń ṣófo láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, òun alára kì í sì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó mọ òkun. Ràbíátù jókòó sínú òkùnkùn tó ń ṣú bọ̀, kò tan iná, inú rẹ̀ kò sì dùn bí inú rẹ̀ ṣe máa ń dùn tí ọ̀rọ̀ bá ti ń yé e.

*

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó tún padà sí Ìrẹmọ, ó sì bi Màmá Mojíre pé ta ló ṣẹ́kù nínú àwọn tó sin agolo náà. Màmá ka wọn lórí ìka. Bàbá ọkọ òun ti kú, agbẹ́lẹ̀ méjèèjì ti kú, àgbà ìjọ tó gbàdúrà náà ti kú. Òun alára wà nínú ilé opó, wọn kò jẹ́ kí òun yọjú.

"Ó ku Ọ̀rẹ́-ọkọ-mi nìkan," ó ní.

Bẹ́ẹ̀ ló máa ń pe Àlíyù Bùsàrí, ọmọ Ìwó, tó ti lé díẹ̀ láàádọ́rin ọdún báyìí. Òun àti Ọlátúnbọ̀sún ni wọ́n jọ ń kó èédú sínú ìléru ọkọ̀ náà, èyí tó ń jẹ́ Mẹ́lítọ̀n. Ìléru yẹn ló ń gbé ọkọ̀ rìn, nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ojú ọjọ́ kò dé. Lẹ́yìn ogun, Àlíyù wá tẹ̀dó sí Ifẹ̀, ní Ọkẹ̀rẹ̀wẹ̀, ó ń tún sítóófù ṣe. Kò sí ọdún Iléyá kan tí kì í fi ẹran ránṣẹ́ sí Màmá, kò sì sí Kérésì kan tí kì í wá kí i. Màmá ní Kérésì tó kọjá yìí ló ṣàárẹ̀ lójijì. Òun ń sọ fún un bí wọ́n ṣe máa gbé agolo náà lé òun láyà tí òun bá kú, ó kàn ti àwo ìrẹsì sẹ́yìn ni, ó ní inú ń run òun, ó sì lọ.

Ràbíátù bi í pé báwo ni agolo náà ṣe dé ilé.

"Ọ̀rẹ́-ọkọ-mi ló gbé e wá. Nígbà tó kọ́kọ́ wá, ó kàn sọ fún wa pé ọkọ̀ ti rì ni. Mo ní irun rẹ̀ dà, èékánná rẹ̀ dà? Mo ní bí n kò bá rí i, ọkọ mi ò kú. N ò jẹun mọ́. Ọjọ́ kẹtàdínlógún ló padà wá, tó gbé e lọ́wọ́."

"Ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, Màmá?"

"Ó ní òun gbàgbé rẹ̀ sílé ni."

Obìnrin náà sọ ọ́ bó ti ń sọ ọ́ láti ọdún mẹ́rìnlélógójì, láìrò ó. Ràbíátù bojú wo ìta, kí màmá má baà rí ojú rẹ̀. Ta ló máa ń gbàgbé irun òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílé lọ́jọ́ tó ń lọ túfọ̀ rẹ̀? Bí ọkùnrin bá sì wà nídìí ìléru nísàlẹ̀ ọkọ̀ tó ń rì, ta ló ráyè mú abẹ dání lọ fá a lórí? Ìbéèrè tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè bèèrè ni. Ṣùgbọ́n láàárín wa, ẹni tó bá gbé irun òkú wálé, omi tútù la ń bù fún un, ọpẹ́ la ń dú lọ́wọ́ rẹ̀. A kì í tú u wò, a kì í bi í pé báwo ló ṣe rí i. Gbogbo agboolé ti fi ìwà ọmọlúàbí pa ojú dé sí i.

*

Òórùn kẹrosíìnì ló kọ́kọ́ kí Ràbíátù ní ṣọ́ọ̀bù Àlíyù Bùsàrí. Bàbá náà rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó funfun lórí, ọwọ́ rẹ̀ sì dúdú dé ìgbọ̀nwọ́ bí ọwọ́ ẹni tí èédú kò tíì ṣí kúrò lára rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo kan wà ní ìdojúbolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìlà funfun kan yí ẹnu rẹ̀ ká.

Wọ́n ṣe sàlámà, wọ́n kí ara wọn dáadáa, ó fún un ní àpótí jókòó.

"Bàbá," Ràbíátù bi í, "ìgbà wo lẹ dé láti Èkó?"

Àlíyù fi ìgò sítóófù tó ń nù sílẹ̀. "Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Mo ti ń retí ẹ láti àná, ọmọ mi."

Kò sẹ́ nǹkan kan. Ó jọ pé ó ti ń sọ ọ̀rọ̀ náà fún ara rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tó wá rí ẹni tó máa gbọ́. Ó ní oṣù Ràmàdánì ni. Mẹ́lítọ̀n kó èkùrọ́ àti kòkó kún inú, ó ti rìn fún ọjọ́ mẹ́fà láti Èkó, wọ́n ń lọ sí Fìrítáùn. Àwẹ̀ wà lẹ́nu òun, ìléru sì ń jó òun lójú. Iṣẹ́ Ọlátúnbọ̀sún ti parí lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n nígbà tó kù díẹ̀ kí oòrùn wọ̀, ó sọ̀kalẹ̀ wá, ó gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ òun. Ó ní, "Gòkè lọ ṣínu, kí o kírun, màá di ìléru mú títí wàá fi dé."

"Omi tí mo fi ń ṣínu ò tíì gba ọ̀fun mi kọjá," ni bàbá wí, "tí ọkọ̀ fi gbọ̀n."

Ariwo náà kò pọ̀ bí èèyàn ṣe máa rò. Ọkọ̀ náà rọra lọ sílẹ̀ bí àgbàlagbà tó fẹ́ jókòó. Lẹ́yìn náà ni èkùrọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde láti inú rẹ̀, ó léfòó, ó tàn ká, títí gbogbo ojú òkun fi dúdú lọ bí ojú ti lè rí i mọ. Ìgbì kò lè gbérí mọ́ lábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ dákẹ́. Oòrùn ti wọ̀, ojú ọ̀run ṣì pupa, òun di pákó kan mú láàárín èkùrọ́, òun ń pe orúkọ Ọlátúnbọ̀sún, ohùn òun nìkan ni òun ń gbọ́. Ó ní ibẹ̀ ni òun ṣì ń bá ara òun lójú oorun, lọ́pọ̀ ìgbà.

Ọkọ̀ mìíràn kó wọn dé Fìrítáùn, ó sì di ìgbà ọyẹ́ kó tó dé Ifẹ̀ túfọ̀. Nígbà tó rí Mojíre tí kò jẹun, tí awọ ti lẹ̀ mọ́ egungun rẹ̀, ó mọ̀ pé èèyàn kejì ló fẹ́ kú nítorí òun yìí. Ó padà sí Ìwó, ó fá orí ara rẹ̀, ó gé èékánná ara rẹ̀, ó kó wọn sínú agolo sìgá. Òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sí ibi ẹsẹ̀ sàréè nígbà tí àpáta kò jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ibi orí.

"Mojíre jẹun lọ́jọ́ yẹn," ó ní. "Nítorí ìyẹn, n ò kábàámọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àfi ìgbà tó sọ fún mi ní Kérésì pé wọ́n máa gbé e lé òun láyà. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ni. Ọ̀rẹ́ mi kú sí ipò mi. Ṣé kí irun tèmi wá sùn lé ìyàwó rẹ̀ láyà títí di ọjọ́ Ìdájọ́? Níbi tí a bá ti pàdé, kí ni mo fẹ́ wí fún un?"

Ó na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, ó gbé agolo kan tó ti dípẹtà jáde, ó gbé e lé orúnkún Ràbíátù. Ó fúyẹ́ púpọ̀. Obìnrin náà jókòó tì í, ojú rẹ̀ sì kún, kò fi í pamọ́. Ó ti rí ohun tó ṣèlérí, kò sì mọ bó ṣe fẹ́ gbé e fún Màmá, nítorí pé kì í ṣe Màmá ló ni ín.

*

Wọ́n jọ rìn lọ sí Ìrẹmọ ni, ní ìrọ̀lẹ́. Ràbíátù kò fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, Ọ̀ṣuntọ́lá sì ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn.

Nínú yàrá ẹ̀yìn, Àlíyù dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin tí ó fi ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà jù lọ, ó sì tún gbogbo rẹ̀ sọ, láti orí ṣọ́bìrì dé orí kẹ́ẹ̀gì. Bàbá Adébíyìí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí fìlà rẹ̀. Màmá Mojíre jókòó, agolo wà lórí itan rẹ̀, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Ẹ dìde," ó wí nígbà tó yá. "Inú ń bí mi sí yín, Ọ̀rẹ́-ọkọ-mi. Inú ń bí mi gidigidi. Irun orí yín ló sọ mí di ìyàwó Bàbá Dúrósinmí. Ọmọ mẹ́ta ló ti ibẹ̀ jáde. Ṣé kí n wá dá wọn padà?"

Ẹ̀rù ba Ràbíátù. Ó ń wo iṣan ọrùn obìnrin náà tó ń lù kìkì, ó sì ń rántí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀.

"Ó fún yín lómi mu," ni Màmá tún sọ. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ó sọ̀kalẹ̀ kí ẹ lè mu omi."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bó ṣe máa ń ṣe náà nìyẹn. Oúnjẹ ẹnu rẹ̀ ni, tó bá rí ẹni tí ebi ń pa, á fi sílẹ̀." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. Ó wá gbé agolo náà sókè, ó nà án sí Àlíyù. "Ẹ gba irun yín. Ẹ mú un lọ sílé."

Ràbíátù rí i pé àkókò tó. Ó mú ìwé ẹ̀sùn jáde, ó ní ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé wọ́n jí irun àti èékánná Ọlátúnbọ̀sún Fákúnlé gbé. Irun Ọlátúnbọ̀sún kò sì sí nínú agolo rí. Ẹni tó gbé irun ara rẹ̀ kò jalè. Ó ku ti ilẹ̀ tó gbẹ́, onílé nìkan ló lè sọ bóyá òun fẹ́ ẹjọ́.

Wọ́n wo Bàbá Adébíyìí. Bàbá náà tún fìlà rẹ̀ yí lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun á pe bírikìlà lọ́la kó wá rẹ́ ojú sàréè padà, kó rẹ́ ẹ dáadáa, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tó ń bọ̀ wá gbé ibẹ̀. Màmá Mojíre yíjú sí i, ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá Dúrósinmí." Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá a sọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ló bèèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò.

"Omi tí ẹ dà síbẹ̀ ńkọ́? Níbo lẹ ti bù ú?"

Àlíyù ní òun wọ inú òkun dé ìbàdí ní Èkó, nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ní déédéé àsìkò yẹn. Òun pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí òun tó bu omi náà.

"Ṣé omi tó bò ó nìyí?"

"Òkun kan náà ni, ìyàwó wa. Kò ní ògiri láàárín. Omi tó bò ó náà ló ń wá gbá etí Èkó."

Màmá Mojíre dìde. Ó gba ibi orí sàréè kọjá, ibi tó ti kúnlẹ̀ sí láràárọ̀ fún ọdún mẹ́rìnlélógójì, kò dúró níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níbi ẹsẹ̀, lẹ́bàá ihò. Erùpẹ̀ tó wà níbẹ̀ ti gbẹ, ó ti funfun lójú. Ó fi ìka méjì bù ú, ó fi sí ahọ́n, ó sì pa ẹnu dé. Ó pẹ́ kó tó gbé e mì.

"Ọkọ mi," ó ní, "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."